Wàláà géèmù: ohun tí wọ́n máa ń bi mí nípa géèmù ọlọ́wọ́ ńlá tí mo fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí mo ti ń gbé nǹkan yìí kiri Ìlọrin, ì báà ṣe Tánkè, ì báà ṣe ọ̀nà Ọjà Ọba, mi ò lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́nì kan má dá mi dúró. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò kàwé ẹnjiníà o, fóònù ni mò ń tún ṣe, torí náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ni mo ṣe máa sọ ọ́.

Kí gan-an lẹ gbé dání yìí?

Géèmù ọlọ́wọ́ ni, irú èyí téèyàn ń fọwọ́ méjèèjì dì mú, skríìnì wà láàárín, bọ́tìnnì wà lọ́tùn-ún lósì. Tèmi kàn sanra ni. Game Boy tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 1989, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, gíga ẹ̀ ò ju 15 lọ, skríìnì ẹ̀ ò sì pé íǹṣì 3. Tèmi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 36, skríìnì íǹṣì 9 ló wà níkùn ẹ̀, pákó ni mo fi ṣe ara ẹ̀. Àwọn ọmọ kéú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n rí i tí mo gbé e lé itan, tí mo tẹrí ba sí i, wọ́n ní "Bọ̀dá, ṣé wàláà lẹ ń kà ni?" Bó ṣe di wàláà géèmù nìyẹn.

Ààfáà wọn ò bínú sí orúkọ yẹn?

Ààfáà fúnra wọn pè mí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ́ káwọn ọmọ tìtorí ẹ̀ pa kéú jẹ. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti kírun Aláàsárì, pípa ló máa ń wà títí wọ́n á fi jáde.

Kí ló dé tó fi tóbi tó báyìí?

Ẹ rò pé fáàrí ni, àbí? Ohun tó fà á ni pé ẹrù kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kì í gba inú ilé kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kékeré, á ra skríìnì kékeré tuntun, á ra bátìrì pẹlẹbẹ tuntun, á wá ẹni tó ní ẹ̀rọ 3D tó máa bá a tẹ ilé ẹ̀ jáde, kó tó parí ẹ̀, owó tó ná á ti ju owó géèmù tí wọ́n ṣe wá láti ilé iṣẹ́ lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbà fún un kó tóbi, skríìnì DVD á gbà á, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbà á, spíkà tẹlifíṣọ̀n á gbà á, ọwọ́ yín náà á sì ráyè wọlé, ìyẹn gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Mo ti tú àwọn kékeré rí nídìí iṣẹ́, wáyà inú ẹ̀ rí tín-ín-rín bí irun, tí ọ̀kan bá já, ó di kẹ́ ẹ máa fi awò wá a. Tèmi, skrúù mẹ́rin ni, tẹ́ ẹ bá ti tú u, gbogbo ẹ̀ hàn síta bí àtẹ olónje.

Ìdí kejì ni bàbá mi. Nígbà tá a wà ní kékeré, bríìkì géèmù wà nílé wa, èyí tí wọ́n kọ 9999 sí lára, bàbá ló máa ń mú un jù, tá a bá ní ká gbà á, wọ́n á ní ká lọ pọnmi. Ní báyìí, wọ́n wọ awò, wọn ò tún rí i. Ojú bríìkì géèmù ò ju búlọ́ọ̀kù 10 níbùú àti 20 lóròó lọ, nǹkan tó rọrùn ni, kékeré rẹ̀ nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀. Lórí skríìnì tèmi, búlọ́ọ̀kù kan ò kéré sí ẹyọ ẹ̀wà. Bàbá ti padà sídìí ẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù nírọ̀lẹ́, wọn ò ní gbé e.

Níbo lèèyàn ti lè rí ẹrù ẹ̀ ṣà?

Tó bá jẹ́ Ìlọrin, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Challenge àti ọ̀nà Táíwò, ẹ wo abẹ́ tábìlì àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Tẹ́ ẹ bá wà ní Ọ̀fà tàbí Ọmù-Àrán, mi ò tíì rí oníṣẹ́ rédíò kan tí kò ní òkìtì pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ, sí kọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń ti bárò kiri náà wà, àwọn tó ń ké "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù dà", ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e débi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé géèmù lẹ fẹ́ fi ṣe o. Ẹ ní "DVD alágbèéká tí kì í ka díìsì mọ́ ni mò ń wá." Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu ba géèmù, ohun tí wọ́n fẹ́ dà nù láàárọ̀ á di góòlù lọ́sàn-án.

Skríìnì wo ni kí n lò?

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí nìyí. Ẹ má ra nǹkankan, ẹ má gé pákó, àfi tẹ́ ẹ bá ti ní skríìnì tó ń tàn lọ́wọ́. Skríìnì ló máa sọ bí ilé ẹ̀ ṣe máa tóbi tó, òun ló máa sọ fólítì tẹ́ ẹ máa wá àti wáyà tẹ́ ẹ máa lò. Èmi ti gé pákó tán kí n tó rí tèmi, ẹni tó tà á fún mi sì ti bura pé íǹṣì 7 ni, ìgbà tí mo délé tí mo wọ̀n ọ́n, 9 ni, ni pákó yẹn bá di àpótí ìjókòó.

DVD alágbèéká ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ojú tó ń ka díìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú lára ẹ̀, skríìnì ẹ̀ á ṣì wà pérépéré, spíkà méjì á sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: ihò kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n kọ AV IN sí, ibẹ̀ ni àwòrán ń gbà wọlé. Tó bá jẹ́ AV OUT nìkan ló ní, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ mú dìkódà kékeré kan dání lọ síbẹ̀, ẹ ki wáyà ẹ̀ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ rí àwòrán kẹ́ ẹ tó sanwó.

Skríìnì tí wọ́n ń lò fún kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́tò náà dáa, íǹṣì 7 ló wọ́pọ̀, fólítì 12 ló ń jẹ, wáyà yẹ́lò tó ń gbé àwòrán ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló rọrùn jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àbùkù wáyà yẹ́lò ni pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ kì í hàn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn géèmù àtijọ́ yẹn, àwòrán wọn gbàǹgbà gbàǹgbà ni, kò sí wàhálà.

Ti láptọ́ọ̀pù máa ń mọ́ jù, àmọ́ ó gba sùúrù. Kò ní ihò HDMI kankan lẹ́yìn, nọ́ńbà kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ fi nọ́ńbà yẹn ra pánẹ́ẹ̀lì tó máa darí ẹ̀, tó bá fi nọ́ńbà kan yàtọ̀ ó lè má tàn. Ti íǹṣì 15 kò ṣeé gbé lọ́wọ́ o, ẹ ò kí ń ṣe agbẹ́rù. Ti mini láptọ́ọ̀pù, íǹṣì 10, ló mọ níwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá sì rí ti àtijọ́ tó jẹ́ pé ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín ló ń tàn lẹ́yìn ẹ̀ dípò LED, ẹ fi í sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì ló ń wọ inú ọ̀pá yẹn.

Kí wá ni ọpọlọ ẹ̀?

Raspberry Pi 3. Kọ̀ǹpútà odindi ni, kò sì ju káàdì ATM lọ. Mi ò rí òun nínú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọwọ́ ọmọ yunifásítì kan tó ti fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá tán ni mo ti rà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ní Tánkè, ọ̀pọ̀ wọn ló jù ú sínú dúróà. Pi Zero 2 W náà lè ṣe é, mẹ́mórì ẹ̀ jẹ́ 512MB, ti Pi 3 jẹ́ 1GB, ṣùgbọ́n ẹ máa fi áyọ́ọ̀nù tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì jó wáyà yẹ́lò mọ́ ọn fúnra yín. Ẹ ṣọ́ra fún Pico, orúkọ wọn jọra, àwọn tó ń tà á náà máa ń ṣì í pè, kì í ṣe nǹkan kan náà rárá.

RetroPie ni mo fi sínú mẹ́mórì kààdì ẹ̀, òun ni sọ́fíwéà tó ń jẹ́ kí Pi lè gbé géèmù àtijọ́ jáde, ọ̀fẹ́ ni. Batocera náà wà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Bọ́tìnnì ńkọ́?

Ẹ wá pádì géèmù USB tó ti bàjẹ́ díẹ̀, bóyá tó jẹ́ pé wáyà ẹ̀ ló gé. Ẹ tú u, ẹ yọ pánẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀. Ẹ máa rí àwọn ojú dúdú roboto tí rọ́bà bọ́tìnnì máa ń tẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa jó wáyà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé e báyẹn, lẹ́ẹ̀dì á kàn máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, wọ́n á ní áyọ́ọ̀nù wọn ò gbóná. Ó gbóná o, kábọ́ọ̀nù ni dúdú yẹn, lẹ́ẹ̀dì kì í mú un. Ẹ fi abẹ rọra họ ọ́ títí tẹ́ ẹ máa fi rí kọ́pà pupa lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kùn ún, kẹ́ ẹ wá gbé wáyà lé e, wẹ́rẹ́ ló máa mú un.

Bọ́tìnnì ńlá tí mo kì mọ́ ojú pákó, ara ẹ̀rọ géèmù ìdúró tó ti kú ni mo ti yọ ọ́, mìlímítà 30 ni ihò ẹ̀. Mẹ́jọ péré lẹ nílò fún géèmù Game Boy: mẹ́rin fún ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, A, B, Start, Select. Tẹ́ ò bá rí ti ìdúró, bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ń ṣiṣẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i.

Ẹlòmíì máa ń jó bọ́tìnnì tààrà mọ́ ẹsẹ̀ 40 tó wà lára Pi. Ó dáa, àmọ́ fólítì 3.3 lẹsẹ̀ yẹn ń gbà, tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi 5 kàn án, ẹ kí Pi yín pé ó dìgbóṣe.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ń lò yẹn, kò léwu?

Ó léwu. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Inú bátìrì láptọ́ọ̀pù, ẹyọ kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀, mẹ́fà ló wọ́pọ̀, 18650 lorúkọ wọn torí pé wọ́n nípọn ní mìlímítà 18, wọ́n sì gùn ní 65. Èyí tí wọ́n bá sọ pé ó ti kú, lọ́pọ̀ ìgbà ẹyọ kan tàbí méjì ló kú tó fa àwọn tó kù lulẹ̀. Àwọn tó kù yẹn là ń wá.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo ki skrúdíráfà bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń la ìkarahun. Imú skrúdíráfà kan irin méjì pọ̀, ó ta pàù, ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́ mi, kí n tó mọ̀ ó ti ń rú èéfín, mo sáré jù ú síta sórí iyanrìn, òórùn ẹ̀ ò sì kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi fún ọjọ́ méjì. Torí náà ẹ jókòó síta, kí garawa iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ fa ike ẹ̀ ya láti ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ má kì irin bọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti yọ wọ́n, ẹ fi mítà tó ń wọn fólítì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tó fólítì 2.5, ẹ má gbìyànjú àtijí i. Ẹ ṣáàjì àwọn yòókù dé 4.2, ẹ kó wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìfọwọ́ kàn wọ́n, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ti wá sábẹ́ 4.1, èmi kì í lò ó, ó ń jò nínú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so mẹ́rin pọ̀, orí mọ́ orí, ìdí mọ́ ìdí, kí fólítì wọn kọ́kọ́ dọ́gba kẹ́ ẹ tó so wọ́n o. Ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé ara bátìrì gan-an, ooru ń pa á, irin pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ fi so ó pọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ jó wáyà mọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì tó ń ṣáàjì ẹ̀ ni TP4056. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ OUT+ àti OUT− sí lára yàtọ̀ sí B+ àti B−, òun ló ní ẹ̀ṣọ́ tó máa gé iná tí bátìrì bá fẹ́ rọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá ń ṣáàjì, ẹ pa géèmù, kì í mọ̀ pé bátìrì ti kún tẹ́ ẹ bá ń lò ó lọ́wọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì méjì mìíì á tún wà tó ń gbé fólítì sókè, ọ̀kan gbé e dé 5 fún Pi, ọ̀kan gbé e dé iye tí skríìnì ń jẹ, tèmi jẹ́ 9. Skrúù wẹ́wẹ́ kan wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi yí i. Kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n yí i sí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, torí náà mítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án, kì í ṣe Pi.

Wọ́n fẹ́ ta 18650 tuntun tó jẹ́ 9900mAh fún mi, ṣé kí n rà á?

Irọ́ ni. Ojúlówó tó wọ́pọ̀ wà láàárín 2000 sí 3500.

Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kíná ẹ̀ tó tán?

Mẹ́rin ni mo lò, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ní 2000mAh, 8000 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi fólítì 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ó máa ń súnmọ́ wáàtì 30 fún wákàtí kan. Gbígbé fólítì sókè á jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Pi àti skríìnì pọ̀ ń jẹ tó wáàtì 7 tàbí 8, nítorí náà wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Ṣíṣáàjì ẹ̀ ló pẹ́, TP4056 kì í gbà ju áńpíà kan lọ, ó lè tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí, tí wọ́n bá gbé e wá lóru ni mo ń yára kì í.

Pákó wo lẹ fi ṣe ilé ẹ̀?

Àjákù pláìwúùdù láti Sawmill, ti mìlímítà 6 fún ojú àti ẹ̀yìn, igi tó nípọn díẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́. Káfíńtà gé e fún mi, ó ní àpótí ẹyẹlé ni. Kí igun ẹ̀ má mú o, ẹ fi sáńpépà rà á roboto níbi tí ọwọ́ máa wà, ó wúwo, tí igun bá ń gún àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò ní lò ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ lu ihò sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí Pi wà, lókè àti nísàlẹ̀. Tí ooru Pi bá ti súnmọ́ dígírì 80, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, géèmù á máa rìn bí ẹni tó jẹ àmàlà yó. Lóṣù kẹta nílùú yìí, ẹ ò nílò ẹni tó máa sọ bí ooru ṣe rí.

Mo so gbogbo ẹ̀ tán, skríìnì ń tàn àmọ́ àwòrán ò jáde.

Wáyà ni, mo mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ. Ẹnu wáyà tó ń wọ Pi 3, òrùka dúdú mẹ́ta ló pín in sọ́nà mẹ́rin: láti ṣóńṣó orí ẹ̀, ohùn òsì, ohùn ọ̀tún, gíráwùn, kó tó wá kan àwòrán nídìí. Ọ̀pọ̀ wáyà tó wà lọ́jà ni wọ́n ti pààrọ̀ gíráwùn àti àwòrán nínú ẹ̀. Ẹ fi mítà tẹ̀lé e: ara irin ìta gbogbo ẹnu ẹ̀ tó kù, ọ̀nà kẹta ló gbọ́dọ̀ já sí. Kò já síbẹ̀? Ẹ dá a padà. Ẹ sì rí i pé nǹkankan ò sí lójú HDMI.

Tí àwòrán bá wá, àmọ́ tí mànàmáná yẹ́lò kékeré kan ń yọ ní igun òkè, iná tó dé ọ̀dọ̀ Pi ti wá sábẹ́ fólítì 4.63 nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ wáyà iná sí èyí tó nípọn, lọ́pọ̀ ìgbà ó tán síbẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ó kọ̀ tí kò tàn mọ́ rárá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yin lẹ máa ń yọ iná ẹ̀ lójijì láìpa á, mẹ́mórì kààdì ti dàrú. Ẹ ní ẹ̀dà ẹ̀ kan sórí láptọ́ọ̀pù.

Géèmù wo ló wà nínú ẹ̀?

Èyí tẹ́ ẹ bá ti rà tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ní káàtíríìjì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀. Àwọn èèyàn kan sì wà tí wọ́n ṣì ń ṣe géèmù tuntun fún Game Boy títí dòní, tí wọ́n fi ń tọrẹ, ẹ wá tiwọn. Ẹ má ní kí n kó géèmù olówó fún yín, mi ò ṣe.

Èló ló ná yín?

Pi ló gba owó tó pọ̀ jù, bátìrì ò gbà nǹkankan. Mi ò ní dárúkọ iye, torí tí mo bá dárúkọ ẹ̀ lónìí, tó bá dọ̀la ẹ máa ní mo parọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi ṣe tèmi?

Mi ò ṣe é tà o. Ti àkọ́kọ́ gan-an ti di ti bàbá mi, èyí tẹ́ ẹ ń rí lọ́wọ́ mi ni ìkejì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní skríìnì tó ń tàn, ẹ gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a jọ máa jókòó tì í. Ẹ mú áyọ́ọ̀nù tiyín dání, ẹnì kan ti yá tèmi láti ọdún tó kọjá.